Owó wà nínú igbó láì gé igi: Ohun tó yẹ kí ayafọ́tò mọ̀ kó tó tẹ̀ lé fọ́rẹ́sítà wọ igbó ọba

Bí èèyàn bá dé òde ìnáwó lónìí, kó tó rí ayafọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n sanwó fún, yóò ti rí ogún èèyàn tí wọ́n na fóònù sókè, tí wọ́n ń ya ọkọ àti ìyàwó. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, èyí tó máa ń gbọ́ bùkátà ilé-ìyafọ́tò láyé ọjọ́sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yà á fúnra wọn. Àwọn ayafọ́tò mìíràn ti gbé kámẹ́rà jù síbi kan, wọ́n ti di ọlọ́kadà, àwọn kan sì ti ṣí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ POS san owó fáwọn èèyàn. Àwọn tó kù nídìí iṣẹ́ náà ń wá ohun tí wọ́n lè yà tí fóònù kò ní í lè bá wọn dù.

Ọ̀kan lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú igbó. Gbogbo wa la máa ń dárúkọ agbe àti àlùkò bí a bá ń ṣe ìwúre, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti fojú ara rẹ̀ rí agbe rí? Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tó wà níléèwé ló lè tọ́ka sí igi ìrókò láàrin igi mẹ́wàá? Fọ́tò tó bá fi nǹkan wọ̀nyí hàn kedere wúlò fún iléèwé, fún òtẹ́ẹ̀lì, fún àwọn tó ń tẹ̀wé àti àwọn tó ń ṣe kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í kàn gbé kámẹ́rà kọ́rùn kó sì forí lé igbó. Igbó ní ẹni tó ni ín, ó ní òfin, ó sì ní àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ àwọn yẹn yóò pàdánù owó, ó sì lè bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ fọ́rẹ́sítà lónìí, ibi tí iṣẹ́ náà ti pàdé fọ́tò yíyà, àti bí oníṣòwò kékeré ṣe lè ṣe ìṣirò rẹ̀ kó tó ná kọ́bọ̀ kan.

Ta ló ni igbó?

Igbó ọba ni àwọn bàbá wa ń pe igbó tí ìjọba pa ààlà sí. Kì í ṣe pé kábíyèsí ìlú ló ni ín. Ìjọba òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kí igi má baà tán. Igbó ọba Olókeméjì, tó wà láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó pẹ́ jù. Ọdún 1899 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Lónìí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso àwọn igbó ọba tó wà nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọgbà ńlá tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko, irú bíi Old Oyo National Park, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Àwọn igbó mìíràn tún wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́, ẹgbẹ́ tàbí ìlú.

Ẹni tó fẹ́ fi fọ́tò ṣòwò gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí, torí òun ló máa sọ ọ́fíìsì tí yóò kọ lẹ́tà sí. Ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ Ògùn bá fún èèyàn kò ní í ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí Òǹdó. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìwọlé tí arìnrìn-àjò tó wá gbafẹ́ ń san lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ ta fọ́tò tó bá yà. Ẹ má ṣe fi tẹni tó wá gbafẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ wá máa ṣiṣẹ́ tẹni tó wá ṣòwò.

Kí ni fọ́rẹ́sítà ń ṣe gan-an?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ fọ́rẹ́sítà kò ju kó dúró sójú títì, kó máa dá ọkọ̀ tó kó pákó dúró. Ìyẹn kàn jẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń wọ kákí, tó ń gun ọ̀kadà kiri inú igbó, òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lókè rẹ̀ ni àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí dípúlómà ní ilé-ẹ̀kọ́ bíi Federal College of Forestry tó wà ní Jẹ́ríkò, n'Íbàdàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó kàwé gboyè nípa igbó ní yunifásítì, bíi ti Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń ṣètò ohun tí wọ́n máa gbìn, ohun tí wọ́n máa gé àti ìgbà tí wọ́n máa gé e.

Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pín iṣẹ́ wọn. Kí òjò tó dé, wọ́n á ti tọ́jú irúgbìn sílẹ̀. Èso tíìkì, fún àpẹẹrẹ, le bí òkúta. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á tún rẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ara rẹ̀ lè rọ̀ kó tó lè hù dáadáa. Bí òjò bá ti dúró sójú kan, láti bí oṣù karùn-ún sí oṣù keje, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín. Bí wọ́n bá fi mítà 3 sáàrin igi kan sí èkejì níhà gbogbo, igi 1,111 ló ń wọ hẹ́kítà kan. Ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n fi máa ń ro ìdí rẹ̀ kí koríko àti ìtàkùn má baà pa á.

Láwọn ibòmíràn, àgbẹ̀ ni wọ́n ń fún ní ilẹ̀ inú igbó ọba náà láti gbin àgbàdo, iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ sáàrin igi kéékèèké. Bó bá ti ń ro oko tirẹ̀, ó ń ro ìdí igi ìjọba náà nìyẹn. Bí igi bá ti ga tó sì ń ṣíji, àgbẹ̀ á kó kúrò. Ètò tó dára ni, àmọ́ níbi tí àgbẹ̀ bá ti kọ̀ láti kó kúrò tàbí tó lọ gbin kòkó síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iná ni ọ̀tá. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, àwọn fọ́rẹ́sítà á máa ro ojú ọ̀nà fífẹ̀ yí oko igi ká kó lè jẹ́ pé bí iná bá ń bọ̀, kò ní í rí ohun tó máa jó kọjá. Iná ọjọ́ kan lè jó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá. Àkókò yìí náà ni wọ́n máa ń tún ààlà igbó yẹ̀ wò, torí ẹni tó bá fẹ́ jí ilẹ̀ kì í jí i lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni.

Iṣẹ́ kíka igi tún wà. Wọ́n á wọn ìnípọn igi ní ibi tó ga ní mítà 1.3 láti ilẹ̀, ìyẹn bí àyà àgbàlagbà. Wọ́n á kọ irú igi tó jẹ́ sílẹ̀: arère, àfàrà, òpèpè, ìrókò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ iye igi tó ti tó gé. Bí oníṣòwò gẹdú bá ti sanwó, tó sì gba ìwé, wọ́n á fi òòlù onílẹ́tà lu ìtì igi náà àti kùkùté rẹ̀. Àmì yẹn ni ẹni tó wà lójú ọ̀nà ń wò kó tó jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá. Igi tí kò bá ní àmì, igi olè ni wọ́n kà á sí.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Igbó ọba Omo nìkan, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, fẹ̀ tó nǹkan bíi 1,300 kìlómítà níbùú lóròó. Àwọn tó ń jí igi gé máa ń dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ejò wà níbẹ̀, ẹ̀fọn wà níbẹ̀, ojú ọ̀nà kò sì ṣeé gbà bí òjò bá rọ̀. Ohun tó tún jọ èèyàn lójú ni pé, fọ́rẹ́sítà tó bá gbin ìrókò lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ ìjọba, bó bá fi lo ọdún 35 tó sì fẹ̀yìn tì, igi náà kò tíì dàgbà tán. Ó ń gbin ohun tí kò ní í bá wọn gé.

Ibi tí fọ́tò ti wọ iṣẹ́ wọn

Fọ́rẹ́sítà ti ń lo fọ́tò tipẹ́ láti fi ṣe ẹ̀rí. Bó bá bá kùkùté igi tí kò ní àmì òòlù, yóò yà á kó tó kọ ìròyìn rẹ̀. Bí iná bá jó oko tíìkì, yóò ya ibi tó jó. Àwọn kan máa ń dúró lójú kan náà lọ́dọọdún láti ya igbó kan náà, kí ọ̀gá lè rí bóyá ó ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù. Fọ́tò irú èyí kò nílò ẹwà, déètì àti ibi tí wọ́n ti yà á ló ṣe pàtàkì.

Kámẹ́rà kan tún wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ara igi tí wọ́n á sì fi í sílẹ̀ lọ. Bí ohun tí ara rẹ̀ gbóná bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, yálà ẹranko tàbí èèyàn, yóò yà á fúnra rẹ̀, lọ́sàn-án lóru. Irú kámẹ́rà yìí ló ń jẹ́ kí àwọn olùwádìí mọ ẹranko tó ṣì wà nínú igbó láì jẹ́ pé wọ́n fojú kàn án.

Fún ayafọ́tò oníṣòwò, ìmọ̀ fọ́rẹ́sítà níye lórí ju lẹ́ńsì lọ. Ẹni tó ń rìn nínú igbó kan fún ọdún mẹ́wàá mọ igi ọ̀pọ̀tọ́ tó ń so lọ́wọ́ tí àwọn àgbìgbò yóò wá jẹ láàárọ̀. Ó mọ ibi tí ẹranko ti ń mumi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó mọ ọ̀nà tó rì àti èyí tó ṣì ṣeé gbà. Ayafọ́tò tó bá dá wọlé lè lo ọjọ́ mẹ́ta kó má ya ju ewé lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí yìí o. Òfin tó de ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba, èyí tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ kò gbọ́dọ̀ máa ṣe òwò ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ oko nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fọ́rẹ́sítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lè gbin igi tíìkì sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, àmọ́ kò lè bá yín dá iléeṣẹ́ fọ́tò sílẹ̀ kẹ́ ẹ jọ máa pín èrè. Nítorí náà, ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ ti lọ béèrè fún ẹni tó máa mú yín wọgbó, ọ́fíìsì náà ni kẹ́ ẹ ti sanwó, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Owó tẹ́ ẹ bá kì bọ àpò ẹ̀ṣọ́ igbó lọ́nà ẹ̀bùrú, bó bá di wàhálà lọ́la, kò sí ẹni tó máa jẹ́rìí yín. Fọ́rẹ́sítà tó ti fẹ̀yìn tì kò sí lábẹ́ ìdè òwò yìí mọ́, àwọn bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ tí ìmọ̀ wọn ń ṣòfò nílé. Ẹ lè bá wọn ṣe àdéhùn lórí ìwé.

Ibi tí èèyàn lè ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó tó jìn. L'Ékòó, Lekki Conservation Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation ló ń bójú tó o. Àwọn ọ̀bọ àti ẹyẹ ibẹ̀ ti mọ èèyàn lójú, afárá orí igi tó wà níbẹ̀ sì gùn tó mítà 401. Ibẹ̀ dára láti fi kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rí lábẹ́ igi.

N'Íbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní igbó tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350 nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń wá síbẹ̀ láti òkè òkun nítorí ẹyẹ kékeré dúdú kan tí orí rẹ̀ pupa, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà. Ọdún 1958 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Elgood ṣàlàyé ẹyẹ náà fún aráyé, orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n sì fi pè é: Ibadan malimbe. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo àgbáyé. Ẹ wo ohun tí aráyé ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kò gbọ́ rí.

L'Óṣogbo, igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Àjọ UNESCO fi í sára ohun ìní àgbáyé ní 2005. Kò sí gígé igi, kò sí ọdẹ, kò sí ẹja pípa níbẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ọnà Susanne Wenger, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó kú ní 2009, wà láàrin àwọn igi náà. Àmọ́ ibi ìjọsìn ni o. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn yà àti ohun tí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn yà, kẹ́ ẹ tó yọ kámẹ́rà.

Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n yà lè wá lọ sí Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, níbi tí ẹfọ̀n àti ìgalà wà, tí ahoro Ọ̀yọ́ Ilé sì wà nínú rẹ̀. Igbó Omo ńkọ́? UNESCO ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1977, erin igbó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń lọ.

Irinṣẹ́ àti àkókò

Ẹ má sáré lọ yá owó ra lẹ́ńsì gígùn. Igi, èso, olú, labalábá àti ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò nílò rẹ̀. Kámẹ́rà tẹ́ ẹ fi ń ya ìnáwó tó fún wọn. Ẹyẹ ló ń béèrè lẹ́ńsì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ó kéré tán èyí tó jẹ́ 300 tàbí 400 milimítà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì rẹ̀, olú ti hù síbẹ̀ nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀rinrin igbó ló máa ń fà á. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ti igbó dé, ẹ nu irinṣẹ́ yín gbẹ, kẹ́ ẹ kó àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sínú àpò kámẹ́rà.

Ìmọ́lẹ̀ inú igbó kéré. Láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti láti agogo mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni ìgbà tó dára jù. Ọ̀sán gangan máa ń fún èèyàn ní fọ́tò tó funfun níbì kan, tó dúdú níbòmíràn. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn tí kò ní àwọ̀ títàn, ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìjàlọ, ẹ má fín lọ́fínńdà. Ẹ má dá lọ. Lásìkò tí ọ̀rọ̀ ajínigbé gbòde yìí, bí fọ́rẹ́sítà bá ní kẹ́ ẹ má wọlé lónìí, ẹ padà sílé. Kò sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Kàlẹ́ńdà ni ọjà tí ọ̀pọ̀ ayafọ́tò á kọ́kọ́ ronú kàn. Àwọn iye tí a máa lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín ládùúgbò yín rọ́pò wọn.

Ká ní ẹ wọgbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí owó ọkọ̀, owó àṣẹ, oúnjẹ àti owó ẹni tó mú yín lọ jẹ́ ₦300,000 lápapọ̀. Ká ní ẹ tẹ kàlẹ́ńdà 500, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná yín ní ₦2,000. Owó ìtẹ̀wé jẹ́ ₦1,000,000. Gbogbo owó tó jáde lọ́wọ́ yín jẹ́ ₦1,300,000. Bẹ́ ẹ bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦3,500, bẹ́ ẹ sì tà á tán, ₦1,750,000 ló máa wọlé, èrè yín sì jẹ́ ₦450,000. Ó dùn ún gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó lọ́nà kejì. Bẹ́ ẹ bá ta 350 péré, ₦1,225,000 ni ẹ rí, ẹ ti pàdánù ₦75,000, 150 tó kù sì wà nílẹ̀. Àfi bẹ́ ẹ bá ta 372 ni owó yín tó pé. Kàlẹ́ńdà kò dà bí aṣọ tí èèyàn lè tọ́jú di ọdún tó ń bọ̀. Bí oṣù kejì bá ti wọlé, ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ló ń dà. Iye owó ìtẹ̀wé yìí ló ń gbé àwọn oníṣòwò kékeré ṣubú, kì í ṣe pé fọ́tò wọn kò dára.

Ọ̀nà tó fi ọkàn balẹ̀ jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò mẹ́wàá sí méjìlá tó dára, kẹ́ ẹ tẹ àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá iléèwé, ilé oògùn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn òtẹ́ẹ̀lì láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa tẹ orúkọ wọn sí i. Ẹ gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó lọ bá atẹ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sanwó, fọ́tò yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò tíì jẹ gbèsè.

Kàlẹ́ńdà nìkan kọ́ ló wà. Òtẹ́ẹ̀lì tó ń tún yàrá ṣe nílò àwòrán ara ògiri. Atẹ̀wé iléèwé nílò ẹyẹ àti igi tó ní orúkọ Yorùbá. Àwọn tó gbin tíìkì tàbí mẹ̀líńà sí ilẹ̀ tiwọn nílò fọ́tò oko wọn lọ́dọọdún láti fi han alábàáṣe tó wà lókè òkun. Iṣẹ́ tó ń wá lọ́dọọdún dára ju ọjà tí èèyàn ń tà lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ohun tó lè kó èèyàn sí wàhálà

Àkọ́kọ́ ni kámẹ́rà tó ń fò, tí wọ́n ń pè ní dúróònù. Ní Nàìjíríà, èèyàn kò lè kàn gbé e fò. Ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹn NCAA, àti ìwé lọ́dọ̀ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò. Ẹni tí kò bá ní í, kó fi sílẹ̀.

Ìkejì ni ẹ̀tọ́ lórí fọ́tò. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 fi fọ́tò sọ́wọ́ ẹni tó yà á, àyàfi bó bá fọwọ́ sí ìwé pé ó ti di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí òtẹ́ẹ̀lì kan bá ra fọ́tò kan fún ògiri rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ògiri yẹn nìkan ló wà fún. Bó bá fẹ́ fi polówó, owó mìíràn nìyẹn.

Ìkẹta ni ẹranko tí òfin ń dáàbò bò. Ẹ má fún ọdẹ lówó kó mú akika tàbí ọmọ ọ̀bọ wá kẹ́ ẹ lè yà á. Òfin Nàìjíríà lórí ẹranko tó ń tán lọ ti wà láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Láti 2017 ni òfin àgbáyé ti ka gbígbé akika kọjá ẹnu ibodè fún òwò léèwọ̀. Fọ́tò náà gan-an ló máa jẹ́rìí takò yín.

Ìkẹrin ni èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Fóònù àti àwọn kámẹ́rà kan máa ń kọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò pamọ́ sínú fọ́tò náà. Bẹ́ ẹ bá gbé fọ́tò ìtì ìrókò ńlá tàbí ẹsẹ̀ erin sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti lè júwe ọ̀nà fún agégi àti apẹranko. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó wọgbó.

Ọjà tó lè tán

Àjọ IUCN, tó ń ka ẹranko àti igi tó ń tán lọ láyé, kéde ní 2021 pé erin igbó ilẹ̀ Áfíríkà ti wà lára àwọn tó súnmọ́ ìparun jù. Nínú igbó Omo, oko kòkó àti ẹ̀rọ agégi ń jẹ ilẹ̀ tí àwọn erin náà kù sí. Èyí kan oníṣòwò ju bó ṣe rò lọ. Ìrókò tí wọ́n gé máa ń mú owó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ẹni tó gé e, ẹni tó gbé e àti ẹni tó là á. Ìrókò tó wà lóòró lè mú owó wọlé lọ́dọọdún fún ayafọ́tò, fún ẹni tó ń mú àlejò wọgbó, fún olóúnjẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà àti fún ìjọba. Àmọ́ bí kò bá sí ẹni tó ń rí owó náà lóòótọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹni tí ebi ń pa lábúlé á sì mú ẹ̀rọ agégi rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Ayafọ́tò tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun mẹ́ta péré ni kó ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Kó yan igbó kan tó súnmọ́ ọn. Kó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ni ín, kó béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta fọ́tò. Kó lọ bá oníbàárà mẹ́ta, kó béèrè bóyá wọ́n máa ra irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ àti iye tí wọ́n máa san. Bí ìdáhùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ rárá, owó ọkọ̀ nìkan ló ná. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó lọ tún bàtà òjò rẹ̀ ṣe.